Ọba Tí Ẹ̀rù Ọ̀rọ̀ Ń Bà

Ẹnì kan kì í jẹ́ 'Àwá dé'. Ọ̀rọ̀ ogun tàbí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi òwe yìí gbè lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ọ̀rọ̀ sísọ láàárín àwùjọ gan-an ni ó bá mu jù. Fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ni ó là mí lójú sí èyí. Orúkọ rẹ̀ ni The King's Speech. 2010 ni ó jáde. Tom Hooper ni ó darí rẹ̀, David Seidler sì ni ó kọ ọ́. Ní 2011, òun ni ó gba ẹ̀bùn Oscar fún fíìmù tí ó dára jù lọ. Seidler kólòlò nígbà tí ó wà ní ọmọdé, nítorí náà kì í ṣe ìtàn àgbọ́sọ ni ó ń sọ fún wa.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Ọmọ ọba kan ń kólòlò. Ní 1925, wọ́n ní kí ó sọ̀rọ̀ ìparí níbi àfihàn ńlá kan ní Wembley. Ó dúró síwájú gbohùngbohùn, ọ̀rọ̀ há a lọ́rùn, ọ̀pọ̀ èrò sì ń wò ó. Ìyàwó rẹ̀ wá olùtọ́jú kiri títí ó fi kan Lionel Logue, ará Ọsirélíà kan tí kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n tí ó ń kọ́ àwọn ènìyàn bí a ti ń sọ̀rọ̀. Ní ìparí 1936, ẹ̀gbọ́n ọmọ ọba náà fi adé sílẹ̀. Adé bọ́ sórí akólòlò, ó sì di George Kẹfà. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, 1939, òun ni ó gbọ́dọ̀ bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Colin Firth ni ó ṣe ọba. Geoffrey Rush ni ó ṣe Logue.

Àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́ wọn. Ibi tí mo ti kọ́kọ́ kí fíìmù yìí kú iṣẹ́ ni ibi tí Logue ti fi ẹ̀rọ dí etí ọmọ ọba, tí ó tan orin sí i kíkankíkan, tí ó sì ní kí ó máa ka ìwé. Ọmọ ọba kò gbọ́ ohùn ara rẹ̀; inú bí i, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ó wá gbọ́ ohun tí a gbà sórí àwo lẹ́yìn ìgbà náà, kàyéfì ni: geere ni ó ka ìwé náà, kò kólòlò rárá. Ẹ̀kọ́ pàtàkì ni èyí. Ahọ́n kọ́ ni ó ń ṣàìsàn. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni ó ti sọ ara rẹ̀ di adájọ́ ara rẹ̀, tí ó ń fi etí ṣọ́ ẹnu bí ọdẹ ti ń ṣọ́ olè. Ẹnu tí a bá sì ń ṣọ́ báyìí kò lè ṣàìkọsẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ méjì láti bá fíìmù náà rò. Èkínní ni ti àkókò. Nínú fíìmù, 1934 ni ọmọ ọba kọ́kọ́ lọ bá Logue, 1939 ni ó sì ṣẹ́gun. Nínú ìtàn gidi, 1926 ni ó lọ bá a. Nígbà tí ó fi di oṣù Karùn-ún 1927, ó ti ṣí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Canberra, ó sì sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láìsí ìtìjú. Síbẹ̀, ó ṣì ń wá ìrànlọ́wọ́ Logue fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ohun tí ó jẹ́ iṣẹ́ àṣetúnṣe ni fíìmù sọ di ogun ọjọ́ kan. Ẹni tí ẹ̀rù àwùjọ ń bà, tí ó sì wo fíìmù yìí, lè máa retí ọjọ́ tí ẹ̀rù yóò tán pátápátá. Ọjọ́ yẹn kì í dé.

Ẹjọ́ kejì tóbi ju èkínní lọ. Fíìmù náà rò pé ìtàn akọni kan ṣoṣo ni òun ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọba ti sọ̀rọ̀ ogun náà: yàrá kékeré ni, gbohùngbohùn wà láàárín, Logue sì dúró ní òdì kejì, ó ń fi ọwọ́ tọ́ ọba sọ́nà bí ẹni ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Ojú ọ̀rẹ́ ni ọba ń wò tí ó ń sọ̀rọ̀. Ọba kò dá sọ̀rọ̀. Elégbè rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Fíìmù fi ohun tí kò yé òun fúnra rẹ̀ hàn wá, ó sì sáré gbé ọba jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè kí ó lè máa juwọ́ sí èrò.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tú ọ̀ràn yìí ju fíìmù náà lọ. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni a ń pe rédíò. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ó ń sọ. Ní ayé àtijọ́, ọba tiwa tí ó wà lábẹ́ adé kì í bá èrò sọ̀rọ̀ ní tààrà. Ìlẹ̀kẹ̀ adé bò ó lójú, ẹlòmíràn ni ó sì ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ fún ará ìlú. Ní ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Kérésìmesì lórí rédíò ní 1932, ó sì ń kédùn nínú fíìmù pé ẹ̀rọ yìí ti sọ àwọn ọba di òṣèré. Òṣèré sàn jù. Òṣèré a máa gbọ́ ẹ̀rín, a máa gbọ́ àtẹ́wọ́. Ẹni tí ó bá sọ̀rọ̀ tí kò sì rí èsì gbà ni ẹ̀rù ń bà jù.

Ní ilẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ àwùjọ kì í ṣàìní èsì. Ẹ wo ọmọbìnrin tí ń sun ẹkún ìyàwó ní agbègbè Ọ̀yọ́. Kì í ṣe akéwì. Ṣùgbọ́n ó ti gbọ́ ẹkún náà lẹ́nu àwọn tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ sílé ọkọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n ń gbè é. Bí omijé bá sì gba ohùn mọ́ ọn lẹ́nu, ẹkún ṣáà ni orúkọ ohun tí ó ń sun, kò sí ẹni tí yóò pè é ní àṣìṣe. Ẹ wo ìbà pẹ̀lú. Àwọn kan kà á sí ọ̀ràn ẹ̀sìn lásán. Ẹ̀sìn wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n iṣẹ́ wà níbẹ̀ bákan náà. Akéwì tí ó júbà àwọn àgbà àti ọ̀gá tí ó kọ́ ọ ń sọ pé òun nìkan kọ́ ni òun ru ẹrù yìí. Ọ̀rọ̀ tí ó mọ̀ dunjú ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Kí ó tó tán, ọkàn rẹ̀ ti balẹ̀.

N kò sọ pé àwùjọ tiwa rọrùn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá fi hàn nínú ìwé tí ó kọ lórí ìjálá ní 1966 pé bí oníjàálá bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, oníjàálá mìíràn lè dá a dúró kí ó sì tọ́ ọ sọ́nà lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí a dá dúró náà sì ní ẹ̀tọ́ láti fèsì. Àṣìṣe ní àyè tirẹ̀. N kò sì gbàgbé pé àwa kan náà ni a máa ń ní kí ọmọdé panu mọ́ níbi tí àgbà bá wà, tí ọ̀pọ̀ akéwì òde òní sì ti sọ ìbà di ọ̀nà àtigba owó lọ́wọ́ olówó.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dùn mí ni ohun tí a ń ṣe fún àwọn ọmọ wa ní ilé-ìwé. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà tí wọ́n yàn mí láti sọ̀rọ̀ ìkíni níbi ayẹyẹ ilé-ìwé wa. Gẹ̀ẹ́sì ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ sórí. Mo dé iwájú, gbogbo rẹ̀ pòórá. Kẹ́kẹ́ pa. Olùkọ́ kan sọ láti ẹ̀yìn pé mo ti dójú ti ilé-ìwé. Títí di òní, bí mo bá jókòó ṣe adájọ́ níbi ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ, bí mo ti ń rí ọmọ kan tí ó dá dúró gbọnrangandan níwájú gbohùngbohùn, ẹsẹ̀ tèmi náà a máa gbọ̀n. Àwa adájọ́ a máa kọ̀wé, a kì í gbè é.

Ní ọ̀sẹ̀ kan náà tí mo gbàgbé ọ̀rọ̀ ìkíni yẹn, a sin ìyá bàbá mi. Èmi ni mo lé orin láàárín èrò tí ó ju ti ilé-ìwé lọ. Ohùn mi há lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni àwọn ìyá gba orin náà lẹ́nu mi, tí wọ́n gbé e títí mo fi rí èémí mí. Ẹnu kan náà ni mo gbé lọ síbi méjèèjì. Níbi ìsìnkú, a dá mi lóhùn.