Láísẹ́ǹsì Ètò Kọ̀ǹpútà ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa: Ìṣákọ́lẹ̀ Ta Ni À Ń San?

Ìfáàrà

Láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà ti ń wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama wa, ohun tí a máa ń bi ara wa ni pé, ‘Ẹ̀rọ mélòó ni wọ́n kó fún yín?’ Ó ṣọ̀wọ́n kí a béèrè ẹni tí ó ni ètò tí ń bẹ nínú ẹ̀rọ náà, àti irú àdéhùn tí a bá a ṣe kí a tó lè lò ó. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ àdéhùn náà, tí à ń pè ní láísẹ́ǹsì, wò: iye tí ó ń ná ilé-ẹ̀kọ́, àti bóyá ó bá ẹ̀tọ́ mu. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ náà kan olùkọ́ Yorùbá àti olùdánwò ju bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti rò lọ.

Ohun tí láísẹ́ǹsì jẹ́

Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà lórí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, tí wọ́n ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní 2022, ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀. Bí òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ ti ni ìwé rẹ̀ ni ẹni tí ó kọ ètò ti ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ra ogójì ẹ̀dà Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ẹ̀dà wọ̀nyí di tirẹ̀. Ó lè yá akẹ́kọ̀ọ́ lónìí, kí ó tún yá àbúrò rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sí i. Ẹni tí ó ra láísẹ́ǹsì kò ra ètò. Ìyọ̀ǹda ìlò ni ó rà, lórí iye ẹ̀rọ kan, nígbà mìíràn fún iye ọdún kan.

Àwa ará Òkè-Ògùn mọ irú àdéhùn yìí: ìṣákọ́lẹ̀ ni. Àlejò ń ro oko, ó ń kórè, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í di tirẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìrẹ́jẹ. Ohun tí ó ń sọ ọ́ di ìrẹ́jẹ ni kí àgbẹ̀ má mọ̀ pé ilẹ̀ onílẹ̀ ni òun ń ro, tàbí kí onílẹ̀ máa yí iye rẹ̀ padà bí ó ti wù ú.

Ọ̀ràn ọdún 2007

Ní 2007, wọ́n fẹ́ kó 17,000 kọ̀ǹpútà kékeré, irú tí Intel ń pè ní Classmate, wá fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà. Ètò tí wọ́n yàn fún un ni ti Mandriva, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé kan. Ẹ̀yà Linux ni, láísẹ́ǹsì rẹ̀ sì gba ẹnikẹ́ni láàyè láti lò ó, láti dà á kọ, àti láti tún un ṣe. Lẹ́yìn tí àdéhùn ti parí, agbáṣẹ́ṣe tí ó ń kó ẹ̀rọ náà wá ní òun yóò san owó Mandriva, ṣùgbọ́n Windows XP ti Microsoft ni òun yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ní 31 Oṣù Kẹwàá, François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà ní gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà. Ìròyìn jáde pé Microsoft ń bá agbáṣẹ́ṣe náà sọ̀rọ̀ lórí 400,000 dọ́là fún ìpolówó ọjà. Microsoft ní iṣẹ́ òun bá òfin mu. Àjọ ìjọba tí ó ń sanwó 11,000 nínú ẹ̀rọ náà, Universal Service Provision Fund, ní Mandriva ni àwọn yóò dúró lé.

Ogún ọdún ń bọ̀ wá dọ̀la. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows XP dúró ní 8 Oṣù Kẹrin 2014. Mandriva náà kógbá sílé ní 2015. Ṣùgbọ́n nítorí irú láísẹ́ǹsì tí ó ní, àwọn ẹlòmíràn ti mú iṣẹ́ náà, wọ́n ń tẹ̀síwájú lábẹ́ orúkọ Mageia àti OpenMandriva. Oníṣẹ́ lọ, iṣẹ́ kò lọ. Ìyàtọ̀ láàárín láísẹ́ǹsì méjèèjì nìyí.

Iye owó

Dọ́là ni a fi ń díye lé ọ̀pọ̀ láísẹ́ǹsì. Kí Oṣù Kẹfà 2023 tó pé, nígbà tí dọ́là kan kò ju nǹkan bí 470 náírà lọ, láísẹ́ǹsì 100 dọ́là jẹ́ 47,000 náírà. Ní 2024, dọ́là kọjá 1,500 náírà. Láísẹ́ǹsì yẹn kan náà di 150,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ètò náà kò yàtọ̀, ẹ̀kọ́ tí à ń fi kọ́ ọmọ kò pọ̀ sí i. Ní 14 Oṣù Kẹwàá 2025, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún Windows 10 parí, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò sì lè gba Windows 11. Ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìlerò, Òkèhò tàbí Ṣakí, tí ó ṣì ń wá owó bẹntiróòlù tí yóò fi tan jẹnẹrétọ̀, ni a ní kí ó lọ ra ẹ̀rọ mìíràn nígbà tí èyí tí ó wà nílẹ̀ kò tíì bàjẹ́.

Kíbọ́ọ̀dù àti àmì ohùn

Kò sí ẹni tí ń gba owó lọ́wọ́ wa kí a tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ẹ, ọ àti ṣ. Lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Oṣù Kọkànlá 2007, LANCOR, ilé-iṣẹ́ Adé Oyègbọlá tí ó wà ní Massachusetts, pe One Laptop per Child lẹ́jọ́ ní Èkó. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé wọ́n lo ọgbọ́n inú Konyin, kíbọ́ọ̀dù tí òun ṣe fún àwọn èdè wa, láìgba àṣẹ. Wọ́n sẹ́. A kò dá ẹjọ́ náà níhìn-ín: owó iṣẹ́ tọ́ sí ẹni tí ó ronú. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọmọ tí ó fẹ́ kọ èdè ìyá rẹ̀ dúró de ìdájọ́. Ìdí nìyí tí a fi yin YorubaName, iṣẹ́ tí Kọ́lá Túbọ̀sún dá sílẹ̀, tí ó fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá síta lọ́fẹ̀ẹ́, àti àwọn lẹ́tà bíi Charis SIL, tí ó wà fún gbogbo ayé.

Àtakò

Àwọn kan yóò ní, ‘Kí ni wàhálà? Ẹ lọ da ayédèrú rẹ̀ kọ.’ A kò lè fara mọ́ ọn. Àwa tí à ń bínú bí wọ́n bá ń ṣe ẹ̀dà ìwé àwọn òǹkọ̀wé wa lẹ́yìn wọn kò lè fi ètò tí a jí kọ́mọ. Àwọn mìíràn yóò ní Linux pàápàá ń náni, nítorí ó di dandan kí a kọ́ olùkọ́ ní ìlò rẹ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n owó tí a fi kọ́ olùkọ́, orí olùkọ́ ni ó ń gbé. Ìṣákọ́lẹ̀ ni a óò tún san lọ́dún tí ń bọ̀.

Àgbálọgbábọ̀

UTME ti di ti kọ̀ǹpútà pátápátá láti 2015. WAEC náà bẹ̀rẹ̀ ti àwọn olùdánìkan-ṣèdánwò ní 2024. Bí ó bá di ọjọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ àròkọ Yorùbá, tí ẹ̀rọ kò sì jẹ́ kí ó fi ìyàtọ̀ sáàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀, àṣìṣe ta ni olùdánwò yóò fà igi sí? Àbá wa ni pé kí ẹgbẹ́ yìí béèrè ohun mẹ́ta kí ilé-ẹ̀kọ́ tó fọwọ́ sí láísẹ́ǹsì kankan: ọdún mélòó ni yóò fi ṣiṣẹ́, iye wo ni a óò san nígbà tí ó bá parí, àti pé ǹjẹ́ ó ń kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì láìgba owó mìíràn. Kí a sì sọ fún àwọn àjọ ìdánwò pé bí ìdáhùn sí ìbéèrè kẹta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, Yorùbá kò tíì ṣe é dán wò lórí ẹ̀rọ náà.