Iṣẹ́ Ọwọ́ Tó Wà Nínú Èèpo Kọfí

Ní ilẹ̀ Òkun, láti Kàbà wọ Ìjùmú, oòrùn ni àwọn àgbẹ̀ wa fi ń gbẹ kọfí. Bí èso bá pọ́n, wọn a ká a, wọn a sá a sórí tapólì. Bó bá gbẹ tó ń dún wóróworó, ó di ọ̀dọ̀ ẹlẹ́ńjìnì tí yóò pa á. Ibẹ̀ niṣẹ́ tèmi ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú kọfí gbígbẹ tí wọ́n bá gbé wá, bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ni èèpo. Kóró á wọ àpò, á bá oníṣòwò lọ. Èèpo á wà lẹ́yìn ilé títí ẹnìkan á fi ṣáná sí i.

Iná yẹn máa ń dùn mí. Púpọ̀ nínú potásíọ́mù tí èso kọfí gbà lára ilẹ̀, inú èèpo ló wà. Bí a bá sun ún, naitirójìn á bá èéfín lọ. Èyí tó kù nínú eérú, òjò ńlá kan lè gbá a lọ sódò. Àgbẹ̀ kan náà ni yóò tún máa wá owó ajílẹ̀ òyìnbó kiri.

Àwọn mìíràn a kó o láìtíì jẹrà dà sídìí ọmọ igi. Ìyẹn náà ò dáa. Kaféènì àti táníìnì inú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọmọ igi dàgbà bó ṣe yẹ, bó sì ti ń jẹrà lọ, á máa bá igi du naitirójìn. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹrà nínú òkìtì.

Òkìtì yìí ni mo fẹ́ràn. Omi ni ẹ ó kọ́kọ́ rò. Èèpo gbígbẹ kì í tètè mumi, ẹ ó rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ̀ẹ̀rùn sì ni a ń pa kọfí, nígbà tí odò ti fà. Nítorí náà, ìtòsí kànga, lábẹ́ igi tó níbòòji, ni ẹ ó ti tò ó. Èèpo ni ìpele àkọ́kọ́, kó ga dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ewé tútù: agúnmániyè dára jù lójú mi, ewé Akíntọ́lá náà wúlò bí kò bá tíì yọ òdòdó. Ẹ bu ilẹ̀pa abẹ́ igi díẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí èèpo, títí yóò fi ga dé àyà. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ o, ó fẹ́ mí. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni ìbòrí rẹ̀.

Ẹ ki ọ̀pá irin bọ àárín rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹ fà á yọ, kẹ́ ẹ dì í mú. Bí ọwọ́ ò bá lè gbà á, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwọ̀n ooru tí à ń wá jẹ́ 55 sí 65 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọ̀pọ̀ èso koríko àti àrùn kì í la irú ooru bẹ́ẹ̀ já. Ìyá àgbà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í wo tẹmọ́métà mi rárá. Á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀pá náà, á ní, "Ó ti ń hó, ọmọ mi." Bẹ́ẹ̀ náà ni tẹmọ́métà á wí.

Bí òkìtì bá tutù, omi tàbí ìgbẹ́ adìẹ ló kéré. Bó bá ń rùn, omi ti pọ̀ jù: ẹ yí i, kẹ́ ẹ fi èèpo gbígbẹ kún un. Láti mọ̀ bóyá omi tó, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kẹ́ ẹ fún un. Kí omi kàn yọ láàárín ìka, kó má ṣàn. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó bò ó nínú, ẹ má bẹ̀rù, ara àwọn ohun alààyè tín-ín-tín tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ẹ yí i, kí ti ìta bọ́ sínú.

Àwọn ọ̀mọ̀wé méjì, Albert Howard àti Yeshwant Wad, ló tẹ ìwé nípa ètò báyìí jáde ní 1931, láti ibi iṣẹ́ wọn ní Indore, ní Íńdíà, àwọn olóko kọfí ní Kenya sì wà lára àwọn tó tètè gbà á. Lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Éṣíà ni Howard ti kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀, mo sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn àgbẹ̀ wa kí wọ́n má baà rò pé iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni.

Yíyí òkìtì le fún àgbàlagbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà l'Ábújá. Àáró ló ń gbà wá: òkìtì tèmi lónìí, tìrẹ lọ́la. Ní bí oṣù mẹ́rin, yóò ti wálẹ̀ dé ìdajì, yóò dúdú, yóò sì máa ta sánsán bí ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀. Kì í yára ṣiṣẹ́ bíi yùríà, kì í sì í tó gbogbo oko. Èmi a ní kí wọ́n kọ́kọ́ fún ọmọ igi àti àwọn igi àtijọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ máa pa kọfí lẹ́ẹ̀rùn yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àpò òfìfo dání lọ sídìí ẹ́ńjìnì, kẹ́ ẹ sì kó èèpo yín padà sóko.