Òdòdó Tó Ń Ṣíwájú Ewé

Ọyẹ́ ni òtútù tiwa ní Dichemso, Kumasi. Bó bá ń kógbá wọlé, tí òjò àkọ́rọ̀ sì rọ̀, òdòdó Scadoxus multiflorus á yọrí láti inú ilẹ̀, ewé ò tíì sí lára rẹ̀. Òdòdó wẹ́wẹ́ pupa tó lè tó 200 ló para pọ̀ di bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo! Ẹ wò ó dáadáa, ẹ ó rí ìyẹ̀fun rúsúrúsú lórí fọ́nrán rẹ̀.

Inú bàsíà tó ti jò ni ìyá onílé wa gbin tiwọn sí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọn kì í bomi rin ín. “Ẹ jẹ́ ó sùn,” ni wọ́n máa ń wí. Ìdí rẹ̀ jọ àlùbọ́sà, ṣùgbọ́n májèlé ni. Wọn kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ sún mọ́ ọn.