Ìka Ò Dọ́gba: Àríwísí Lórí Ìdá Márùn-ún Inú Ìwé NDHS

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ẹ ó rántí ohun tí mo máa ń sọ fún yín ní Àgọ́-Ìwòyè: ẹ má fọkàn tán àròpín. Ẹ jẹ́ ká fi ilé márùn-ún ṣe àpẹẹrẹ. Tí owó oṣù wọn bá jẹ́ ₦20,000, ₦30,000, ₦40,000, ₦50,000 àti ₦860,000, àròpín á ní ₦200,000 ni ilé kọ̀ọ̀kan ń rí. Ta ló ń rí i? Kò sí! Ẹni tó wà láàárín gan-an, ₦40,000 ló ń rí.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń lo quantile. A ó to àwọn ènìyàn láti orí ẹni tí tirẹ̀ kéré jù dé orí ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù, a ó wá fa ààlà tó pín wọn sí méjì, sí márùn-ún tàbí sí ọgọ́rùn-ún.

Ìwé NDHS ọdún 2018, tí àjọ ètò ìkànìyàn gbé jáde, lo ọgbọ́n yìí. Wọ́n wo omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tẹlifíṣọ̀n, ọkọ̀ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n fún ilé kọ̀ọ̀kan ní máàkì, wọ́n sì pín àwọn ènìyàn sí ìdá márùn-ún. Mo gbóríyìn fún wọn. Àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́ sọ iye tó ń wọlé fún wọn, ṣùgbọ́n ta ló lè fi ilé pamọ́?

Àmọ́ àríwísí mi méjì rèé. Èkíní, ìdá ìsàlẹ̀ kò lè tán láé. Bí gbogbo wa bá di olówó lọ́la, ìdá kan nínú márùn-ún á ṣì wà nísàlẹ̀. Ipò ni quantile ń sọ, kì í ṣe ìṣẹ́. Ìṣẹ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀: nínú ìwádìí 2018/19, ₦137,430 fún ẹnì kan lọ́dún ni àjọ NBS fi ṣe é.

Èkejì, gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n jọ tò sórí ìlà kan ṣoṣo, ohun ìní ni wọ́n sì kà, kì í ṣe oúnjẹ. Apẹja ní Ògùn Waterside tàbí oníṣòwò pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó tó ra tẹlifíṣọ̀n nígbà tí ọjà ń yá lè bọ́ sí ìdá òkè, kí ìkòkò rẹ̀ sì gbófo lónìí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti di ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Kẹ́ ẹ tó fi ìdá wọ̀nyí pín ìrànwọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ta ni wọ́n tò mọ́ ta, kí ni wọ́n sì fi wọ̀n wọ́n?