Àṣàyàn Ìwé Kírísítẹ́nì Lédè Yorùbá fún Ìdàgbàsókè Ẹ̀mí àti Ẹ̀kọ́: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Olùkọ́ Ọ̀la ní Festac àti Àmúwò Ọ̀dọ̀fin

Ìfáárà

Ìwé Kírísítẹ́nì kò wọ́n ní Festac Town àti agbègbè Àmúwò Ọ̀dọ̀fin. Ohun tó wọ́n ni ìmọ̀ràn tó yè kooro lórí èyí tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ fi owó rẹ̀ rà. Ìjọba kọ́ Festac Town fún àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú tó wáyé ní 15 oṣù kìíní sí 12 oṣù kejì ọdún 1977. Ilẹ̀ Àwórì ni, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ẹ̀yà ló ń gbé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ibẹ̀ ni kì í sì í ka ìwé ẹ̀sìn wọn bí kò ṣe lédè Gẹ̀ẹ́sì. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ ń pàdánù oúnjẹ ẹ̀mí àti ogún èdè pọ̀. Ìwé mẹ́ta ni a ó gbé yẹ̀ wò.

Bíbélì Mímọ́

Àjàyí Crowther tí a kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821 ni aṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ yìí. Ìwé Róòmù jáde ní 1850, odindi Bíbélì sì parí ní 1884. Ọgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ hàn nínú ọ̀rọ̀ tó yàn. Àwọn ọ̀rọ̀ bí àlùfáà, wòlíì, àdúrà àti ìwàásù ti ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí wọ èdè wa. Ó lò wọ́n nítorí pé wọ́n ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Olùkọ́ tó bá mọ èyí yóò rí ohun tó so àwọn ọmọ ẹlẹ́sìn méjèèjì pọ̀ nínú kíláàsì rẹ̀.

Àléébù rẹ̀ tó tóbi jù ni bí a ṣe fi Èṣù dúró fún ọ̀tá Ọlọ́run. Nínú ìgbàgbọ́ àwọn baba ńlá wa, ìránṣẹ́ tó ń lọ tó ń bọ̀ láàrin òrìṣà, ènìyàn àti Olódùmarè ni Èṣù. Kò di dandan kí Kírísítẹ́nì bọ ọ́ kó tó mọ ìyàtọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n yóò ṣi lítírésọ̀ Yorùbá túmọ̀ fún àwọn ọmọ. Bákan náà, àkọtọ́ àtijọ́ bí ‘aiye’ àti ‘nwọn’ kò bá àkọtọ́ 1974 tí a ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ mu. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ṣe àṣàrò, kó má fi ṣe àwòkọ.

Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́

John Bunyan kọ apá kìíní ìwé yìí ní 1678. David Hinderer, ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Ìbàdàn, ló túmọ̀ rẹ̀. Àkọlé rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́: ‘èrò’ tó túmọ̀ sí arìnrìn-àjò àti ‘èrò’ tó túmọ̀ sí ohun tí ọkàn ń rò jọ ara wọn nínú ohùn àti àkọsílẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣí inú ìwé lè rò pé ìrònú mímọ́ ni. Ọmọ tó ń bá àwọn èrò ọkọ̀ du ààyè ní Mile 2 kò ní pẹ́ lóye rẹ̀.

Agbára ìwé yìí ni pé kò ṣèlérí ọ̀nà tó tẹ́jú. Ẹrù wà lẹ́yìn ẹni náà, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀ àìnírètí, ó sì gba ọjà asán kọjá. Àwọn lámèyítọ́ ti rí òjìji irú ìrìn-àjò yìí nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938. Nítorí náà ó wúlò fún ẹ̀kọ́ bó ṣe wúlò fún ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí yóò bi í pé: èéṣe tí bàbá fi aya àti ọmọ sílẹ̀ tó ń sáré lọ sí ìgbàlà? Ó pè wọ́n lóòótọ́, wọ́n kọ̀. Síbẹ̀ ìbéèrè náà kò tán. Bunyan fúnra rẹ̀ padà sí i ní 1684, nígbà tó kọ apá kejì nípa ìrìn-àjò aya àti àwọn ọmọ náà. Kí olùkọ́ jẹ́ kí kíláàsì jiyàn lé e lórí.

Ìwé Orin

Ìwé orin ìjọ kún fún ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tó rọrùn láti há sórí. Ìṣòro rẹ̀ ni pé a fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá sábẹ́ ohùn orin Òyìnbó, tí àmì ohùn fi dàrú, tí ìtumọ̀ sì ń yí padà lẹ́nu akọrin. Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tó ta dùùrù ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ohùn èdè àti ohùn orin nínú ìwé rẹ̀ ti 1953. Ìdí nìyí tí a fi gbé e sí ipò kẹta.

Àgbálọgbábọ̀

Bí owó kò bá ká ju ìwé kan lọ lẹ́yìn Bíbélì, Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ ni kí akẹ́kọ̀ọ́ rà. Ní ti àwọn ìwé pẹlẹbẹ tó ń jáde lójoojúmọ́, ìbéèrè mẹ́ta ni kí a fi wọ̀n wọ́n: ṣé Yorùbá inú rẹ̀ dá ṣáká àbí Gẹ̀ẹ́sì ló wọ agbádá? Ṣé ó ń kọ́ni ní ìwà, àbí owó nìkan ló ń ṣèlérí? Ṣé a lè bi í ní ìbéèrè? Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbàgbọ́ kò ní kí òǹkàwé di ojú.