Ọkùnrin Aláṣọ Funfun Tó Lọ Tọrọ Omi Lọ́wọ́ Ọba

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ìwé kékeré kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí lóṣù yìí, ìwé tí ènìyàn lè kà tán nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Èkó sí Ìbàdàn kan ṣoṣo. Henry Dunant, ọmọ Geneva ní ilẹ̀ Swítsálándì, ló kọ ọ́ ní 1862. Bí a bá yí orúkọ rẹ̀ sí Yorùbá, Ìrántí Solferino ni. Owó ara rẹ̀ ló fi tẹ 1,600 àkọ́kọ́, kò sì tà wọ́n. Àwọn ọba àti àwọn ènìyàn jàǹkànjàǹkàn Yúróòpù ló fún. Inú ìwé yìí ni Ẹgbẹ́ Red Cross, tí àwa ń pè ní Alágbèélébùú Pupa, ti jáde wá.

Àbúrò kan nínú iṣẹ́ ìròyìn ló jẹ́ kí n tún un kà. Mo ń yin àwọn oníṣẹ́ àánú lọ́jọ́ kan, ló bá ní, "Bọ̀dá, ẹ fi àwọn ènìyàn yẹn sílẹ̀ jàre. Ṣé ẹ mọ̀ pé ajigbèsè ni bàbá tó dá gbogbo ẹ̀ sílẹ̀?" Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan kí n tó fèsì.

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà kì í ṣe irọ́. Kì í tilẹ̀ ṣe àánú ló gbé Dunant dé ojú ogun. Oníṣòwò ni. Ó gba ilẹ̀ ní Àlùjíríà, ó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ tí yóò máa lọ ọkà sílẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà ń fẹ́ omi, àṣẹ omi sì wà lọ́wọ́ ìjọba Faransé. Lọ lónìí, wá lọ́la, kò rójú àṣẹ. Ló bá kúkú gbéra, ó ní Napoleon Kẹta, ọba Faransé, gan-an lòun ń lọ bá. Ọba wà ní àríwá Ítálì nígbà náà, ó ń bá àwọn ará Ọ́síríà jagun. Dunant kò sì lọ lọ́wọ́ òfo: ó kọ odindi ìwé kan tó fi ń ki ọba náà, tó ní òun ló tún ìjọba Charlemagne àtijọ́ gbé dìde. Ẹni tó bá ti jókòó sí yàrá àlejò kọmíṣọ́nà nítorí kọ́ńtíráàtì rí yóò mọ irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ó wọ aṣọ funfun, ó sì dé Castiglione, nítòsí Solferino, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà, 1859, ọjọ́ tí ogun náà gbóná jù.

N kò ní pọ́n ìwé náà ju bó ṣe yẹ lọ. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ sú mi. Níbẹ̀ ni Dunant ti ń ròyìn bí àwọn ọ̀gágun ṣe jà, ta ló gun ẹṣin wo, ta ló ṣe akin. Ẹnu ẹlòmíràn ló ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì fẹ́ kí inú àwọn ọlọ́lá dùn. Ẹ lè ṣí i kọjá, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan.

Ibi tó ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Castiglione, Chiesa Maggiore, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí 9,000 ṣọ́jà tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n kó wọ ìlú kékeré yẹn. Oúnjẹ wà, omi wà, síbẹ̀ ebi àti òùngbẹ ń pa wọ́n kú, nítorí kò sọ́wọ́ tí yóò gbé e fún wọn. Gbólóhùn yìí ló gún mi lọ́kàn jù, torí àìtó ọwọ́ ni gbogbo ẹ̀kọ́ tí ìwé náà wá kọ́ni. Dunant kò mọ iṣẹ́ dókítà. Ohun tó ṣe ni pé ó kó àwọn obìnrin ìlú jọ, ó ní kí àwọn ọmọdékùnrin máa pọn omi, ó rán awakọ̀ ẹlẹ́ṣin rẹ̀ lọ sí Brescia lọ ra ọsàn wẹ́wẹ́, ṣúgà, ẹ̀wù, aṣọ ìdigbẹ́ àti tábà. Bẹ́ẹ̀ ni, tábà! Òórùn ibẹ̀ kò ṣeé fara dà, èéfín tábà ló ń bá wọn lé e. Àwọn obìnrin náà kò béèrè ta ni Faransé, ta ni Ọ́síríà. Wọ́n ní arákùnrin ni gbogbo wọn.

Ọmọ Faransé kan wà níbẹ̀, bí ọmọ ogún ọdún, Claudius Mazuet. Ọta ti wọ ìhà òsì rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun ń kú lọ. Ó bẹ Dunant kó kọ̀wé sí bàbá òun, kó tu ìyá òun nínú. Dunant gba àdírẹ́ẹ̀sì: ilé kẹta, òpópónà Alger, ní Lyon. Òun nìkan ni wọ́n bí. Lẹ́tà Dunant sì nìkan ni ìròyìn tí àwọn òbí rẹ̀ gbọ́ nípa ọmọ wọn.

Mo dá ìwé náà dé nígbà tí mo kà á débẹ̀. Ní 2011, lẹ́yìn àgbàrá ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ tó ba Ìbàdàn jẹ́, ìwé ìròyìn tí mo ń bá ṣiṣẹ́ rán mi lọ síbi tí ẹgbẹ́ kan ti ń pín nǹkan fún àwọn tí omi lé kúrò nílé. Ìyá àgbà kan fà mí láṣọ. "Ọ̀gá oníwèé ìròyìn, ẹ bá mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé n ò tíì rí ọmọ-ọmọ mi." Ó dárúkọ ọmọ náà, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, alága ẹgbẹ́ náà ló wà nínú fọ́tò, tòun ti àpò ìrẹsì. Orúkọ rẹ̀ jáde, oyè rẹ̀ jáde. Ti ọmọ kò sí níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò yọ ọ́. Èmi ni n kò kọ ọ́ wọlé, mo ní kò sáàyè.

Bó ṣe rí náà nìyẹn nígbà ogun abẹ́lé wa, láti 1967 sí 1970. Fọ́tò àwọn ọmọ Biafra tí ikùn wọn wú tí apá wọn rù ká gbogbo ayé. Ẹ bi ara yín, ta ni nínú wọn tí ẹ mọ orúkọ rẹ̀? Àwọn dókítà Faransé tó lọ tọ́jú wọn wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières sílẹ̀ ní 1971. Ìtàn àwọn yẹn wà nínú ìwé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ńkọ́?

Ẹ̀sùn tèmi sí Dunant kì í ṣe gbèsè. Ohun tó fi pamọ́ ni. Nínú ìwé rẹ̀, ó ní arìnrìn-àjò lásán lòun, òun kò ní nǹkan kan ṣe níbẹ̀. Arìnrìn-àjò lásán, pẹ̀lú ìwé ẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́! Ogun ni Faransé sì fi gba Àlùjíríà láti 1830. Ọkùnrin tó gba orúkọ àti àdírẹ́ẹ̀sì ẹni tó ń kú lọ kò béèrè nínú ìwé yìí ta ló ń roko lórí ilẹ̀ yẹn kó tó di ti kọ́ńpìnnì tòun. Ká ní ó jẹ́wọ́ ohun tó wá ṣe ni, ìwé náà ì bá tún dára sí i, nítorí a ó rí i pé ẹni tó ń wá owó kiri náà lè dúró pọn omi fún ẹni ẹlẹ́ni.

Owó náà kò sì gbè é. Ní 1863 wọ́n dá ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni márùn-ún sílẹ̀ ní Geneva, òun náà wà níbẹ̀. Ní 1864 orílẹ̀-èdè 12 fọwọ́ sí Àdéhùn Geneva. Ní 1867 òwò rẹ̀ wó, owó ẹbí àti ọ̀rẹ́ bá a lọ, ìgbìmọ̀ tó bá wọn dá sílẹ̀ sì lé e jáde. Ó di ẹni tó ń fi yíǹkì pa ibi tí kóòtù rẹ̀ ti ṣá, tó ń fi ṣọ́ọ̀kì kun kọ́là kó lè funfun. Ní 1895 ni oníròyìn kan rí i ní abúlé Heiden, ayé ti gbàgbé rẹ̀. Ní 1901, òun àti Frédéric Passy jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà àkọ́kọ́. Nígbà tó kú ní 1910, ó fi owó sílẹ̀ kí bẹ́ẹ̀dì kan lè máa wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún aláìní ní ilé ìtọ́jú Heiden.

Mo kó gbogbo èyí ro fún àbúrò mi. Mo ní àtẹni tó ń pe Dunant ní ẹni mímọ́, àtìwọ tó ń pè é ní ajigbèsè, ẹni tó fúnni ni gbogbo yín ń wò. Mo ṣí ojú ìwé Mazuet fún un. Ó kà á, ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Bọ̀dá, ọmọ Ìbàdàn yẹn, kí lorúkọ ẹ̀?"

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tú àwọn páálí mi. Mo ti rí ìwé ìkọ̀wé mi ti 2010, mo sì rí ti 2012.