Balógun Ta Ni?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká bára wa sọ òótọ́. Nínú ewì tá à ń kà nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ẹnikẹ́ni tó bá ti lágbára, Balógun ni. Tó bá tún lágbára sí i, ó di Kakaǹfò.

Èmi náà jẹ̀bi. Mo kọ ewì fún bàámi tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jíjá ẹrù ọkọ̀ ojú omi l'Ápápá, mo pè wọ́n ní Kakaǹfò Wọ́ọ̀fù. Nígbà tí mo kà á sí wọn létí nílé wa l'Ájégúnlẹ̀, wọ́n ní, "Ogun wo ni mo jà? Fóòmáànù ni mí. Mo ní ọ̀gá, mo sì ní àwọn tó wà lábẹ́ mi."

Ìyẹn ló jẹ́ kí n lọ wo oyè ogun dáadáa. N'Íbàdàn, Balógun ni olórí ogun. Ọ̀tún ń darí apá ọ̀tún, Òsì ń darí apá òsì. Sẹ́ríkí, orúkọ tá a yá lọ́wọ́ Haúsá, ló ń kó àwọn ọ̀dọ́ jagunjagun. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ńkọ́? Johnson kọ ọ́ pé gbẹ́rẹ́ 201 ni wọ́n ń sín sí i ní ìpàkọ́, àti pé tó bá lọ ogun, kó ṣẹ́gun, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé láàárín oṣù mẹ́ta. Látòósà tó jẹ ẹ́ n'Íbàdàn kú sí ibùdó ogun Kírìjì ní 1885. Mo fẹ́ yin bàámi, àṣé ikú ni mò ń pè lé wọn lórí!

Ẹ lè ní àfiwé lásán ni. Ṣebí ẹni tó bá mọ nǹkan méjèèjì ló ń fi wọ́n wéra?

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ṣọ́ra jù wá lọ. Olóyè ogun Róòmù tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní centurion, wọn ò kàn pè é ní Balógun. "Balógun ọ̀rún" ni wọ́n pè é, kí oyè náà má baà ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nínú Mátíù orí 8, òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé fún Jésù pé òun wà lábẹ́ àṣẹ, àwọn ọmọ ogun sì wà lábẹ́ òun. Ohun tí bàámi sọ gan-an nìyẹn.

Ẹjọ́ tí mo ní sí ewì wa kò ju ìyẹn lọ. Balógun wa ò ní Ọ̀tún, kò ní Òsì, kò sẹ́ni tó ń jẹ́ iṣẹ́ fún. Ariwo lásán ni.

Mo ti pa Kakaǹfò rẹ́, mo fi Fóòmáànù síbẹ̀. Kò dún tó ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ bàámi ní kí n tún un kà.